Ohùn 100 lẹ́yìn ẹnì kan: bí Neil Young ṣe fi ègbè bá Bush wí ní 2006

Àwo orin kan wà tó lè kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ tí ègbè ń ṣe, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé e jáde lọ́dún kan náà: ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ègbè, ẹ̀ẹ̀kan láìsí ègbè. Living with War lorúkọ rẹ̀, Neil Young, olórin onígìtá, ló ni ín. Ti àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Karùn-ún 2006, akọrin 100 sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó tún gbé àwọn orin náà síta, ó yọ àwọn 100 yẹn kúrò, ó fi In the Beginning kún orúkọ rẹ̀. Bí o bá gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, gìtá kan náà ni, ìlù kan náà ni, àmọ́ ẹni tó ń ro ẹjọ́ ti yàtọ̀. Nínú ti ìkejì, bàbá ẹni 60 ọdún kan ló ń bínú sí ìjọba. Nínú ti àkọ́kọ́, ìlú ló dìde.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ àwo yìí sábà máa ń dúró sórí orin kan ṣoṣo, èyí tó ní kí wọ́n yọ George W. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, nípò, wọ́n á sì gbàgbé mẹ́sàn-án tó kù. Ó dùn mí díẹ̀, torí ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà gan-an ni wọ́n ń fò kọjá.

Ọjọ́ 9 ni wọ́n fi ṣe é, láàrin ìparí oṣù Kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin 2006. Bí Young bá ti ń kọ ọ̀rọ̀ orin ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀, wọn kò jẹ́ kó tutù. Àwọn mẹ́ta péré ló jókòó ti ohun èlò: Young fúnra rẹ̀ nídìí gìtá, Rick Rosas nídìí béèsì, Chad Cromwell nídìí ìlù. Tommy Bray ló ń fọn trumpet. Niko Bolas ló bá Young ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà ní sítúdíò. Gìtá dúdú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, Les Paul ọdún 1953 tó ń pè ní Old Black, ló ń bú ramúramù láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpapọ̀ àwo náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 42 lọ, orin mẹ́wàá ló sì wà nínú rẹ̀.

Kí ló lé e tó fi ń sáré bẹ́ẹ̀? Ogun Ìráàkì ti wọ ọdún kẹrin nígbà náà, torí oṣù Kẹta 2003 ni Amẹ́ríkà wọ ibẹ̀. Young sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ti ń retí kí ọ̀dọ́ kan kọ irú orin yìí, kí òun sì gbọ́ ọ. Nígbà tí òun kò rí ẹni tó jáde, òun bọ́ sí i fúnra òun. Ó tún ròyìn bí òun ṣe rí àwòrán iwájú ìwé ìròyìn USA Today kan: àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ọkọ̀ òfurufú. Ohun tí ìròyìn náà ń tẹnu mọ́ ni ẹ̀kọ́ tuntun tí ìmọ̀ ìṣègùn ń rí kọ́ lójú ogun. Ó sunkún, ó gbé gìtá. Orin tí wọ́n ń pè ní Families kò gùn tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, ọmọ ogun tó ń bọ̀ wá sílé ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí o bá gbọ́ ọ lẹ́yìn tí o ti mọ̀ nípa àwòrán yẹn, ohùn rẹ̀ á yí padà létí rẹ.

Irú ìkánjú yìí kì í ṣe tuntun sí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1970, àwọn ológun ìpínlẹ̀ Ohio yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní yunifásítì Kent State. Kí oṣù náà tó parí, Young àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba orin lé e lórí sílẹ̀, nígbà tó di oṣù Kẹfà, ó ti wà lọ́jà. Nítorí náà, nígbà tó di 2006, ó mọ ohun tí eré sísá ń fún èèyàn, ó sì mọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ó ń fún orin ní ooru. Ohun tó ń gbà lọ ni àyè láti tún ọ̀rọ̀ gbé yẹ̀ wò. Àwọn ìlà kan wà nínú àwo yìí tí wọ́n kàn tì wọlé kí wọ́n lè bá ìlù mu. Bí olórin bá ní oṣù mẹ́ta, yóò ti gé wọn dànù.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ègbè. Lẹ́yìn tí àwọn mẹ́ta yẹn ti gba ohun èlò sílẹ̀ tán, wọ́n kó akọrin 100 jọ sí sítúdíò Capitol ní Hollywood. Darrell Brown ló darí wọn. Nǹkan bí wákàtí 12 ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú àwòrán ńlá ni ọ̀rọ̀ orin ti ń jáde sí wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì tíì rí i rí títí di ìṣẹ́jú yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ròyìn lẹ́yìn náà pé bí ìlà tuntun bá ti yọ, àwọn kan á hó, àwọn kan á máa sunkún. Ohun tí a ń gbọ́ nínú àwo náà nìyẹn: ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọ̀rọ̀ kan tán tó sì gbà pé òótọ́ ni. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ, orin yóò mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu yẹn á ti kúrò lára rẹ̀.

Kí nìdí tó fi jẹ́ 100? Ọ̀pọ̀ á rò pé kí ariwo lè pọ̀ ni. Ìṣirò ohùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí agbára ohùn gbogbo wọn bá dọ́gba, ènìyàn mẹ́wàá fi desibẹ́ẹ̀lì 10 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún tó) ju ẹnì kan lọ, ènìyàn 100 fi 20 jù ú lọ. Láti 50 sí 100, desibẹ́ẹ̀lì 3 péré ni wàá rí lé e, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ènìyàn 50 sì ti lọ sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ariwo á yí bọ́tìnnì lásán. Ohun tí 100 ń ṣe tí mẹ́wàá kò lè ṣe ni pé etí kò ní lè mú ohùn ẹnì kan jáde láàrin wọn mọ́. Ohùn ọ̀kan ga díẹ̀, ti èkejì wálẹ̀ díẹ̀, ọ̀kan tètè wọlé, èkejì fà sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wá dà bí aṣọ òfì tí ojú kò lè ya òwú kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà tí etí kò bá rí ẹnì kan tọ́ka sí ló máa ń gbọ́ "àwa".

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tàbí ti iléèwé, ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni àkókò. Ìrìn ohùn nínú afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bíi mítà 340 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlà ẹ̀yìn bá fi mítà 10 jìnnà sí ìlà iwájú, ohùn wọn á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́. Bí wọ́n bá wá ń fi etí tẹ̀lé ara wọn, orin á máa wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù. Ọwọ́ olùdarí ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n má dúró de etí. Èkejì ni òpin ọ̀rọ̀ nínú orin Gẹ̀ẹ́sì. Bí ènìyàn 100 bá pe "s" ní ìparí ọ̀rọ̀, tí kò bọ́ sí ojú kan náà, á dún bí ejò inú ewé gbígbẹ. Ohun tí àwọn olùdarí tó gbóná máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ní kí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún pe "s" náà, kí àwọn tó kù má pè é. Ẹ̀kẹta ni maíkì. Má gbé e sí ẹnu ẹnikẹ́ni. Gbé méjì tàbí mẹ́ta sókè ní iwájú wọn, kí ó jìnnà díẹ̀, torí ẹni tó bá sún mọ́ maíkì jù á jáde kúrò nínú "àwa", á di òun nìkan. Ẹ̀kẹrin sì ni ohùn gìtá tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀. Bí o bá fi sípíkà gbé e fún wọn, maíkì á tún gbà á wọlé lẹ́ẹ̀kejì, o kò sì ní lè yọ ọ́ mọ́. Fóònù etí ló dára, kí olúkúlùkù ṣí etí kan sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n fi kún un pé irú ègbè yìí kò rí bí lílé àti ègbè tiwa. Nínú àpàlà tàbí fújì, aṣáájú á lé, ègbè á gbà á. Àwọn 100 yìí, ní ọ̀pọ̀ ibi, orin tí Young ń kọ gan-an ni wọ́n ń kọ lé e lórí, bí ìjọ ṣe ń kọ orin ìsìn. Nínú Yorùbá, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń darí ohùn orin; bí àwọn kan bá ń gòkè tí àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, "ọkọ́" á di "ọkọ̀" lẹ́nu wọn. Ìdí nìyẹn tí ègbè wa fi máa ń rìn pọ̀ sí ọ̀nà kan. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹrù yẹn lórí, síbẹ̀ Young kò fẹ́ ọ̀ṣọ́ púpọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Gbọ́ orin tó ni orúkọ àwo náà. Ní àárín rẹ̀, ó yá ọ̀rọ̀ inú orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lò, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù tó ń bú lójú ọ̀run àti àsíá tó ṣì dúró. Bí Young nìkan bá sọ ọ́, bíi ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ni yóò rí létí àwọn kan. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá sọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ó padà di orin wọn. Lọ gbọ́ ibẹ̀ nínú ti àìsí ègbè, ìyàtọ̀ náà hàn kedere.

Trumpet náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, mo sì rí i pé àwọn èèyàn kì í sábà fiyè sí i. Bí wọ́n bá ń sin ọmọ ogun ní Amẹ́ríkà, fèrè kan á fọn orin kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Taps, ohùn 24 péré, láti ìgbà ogun abẹ́lé wọn ní 1862 ni wọ́n ti ń fọn ọ́n. Nínú Shock and Awe, Young ń kọrin nípa òkú tí wọ́n ń gbé bọ̀ nínú pósí, tí fèrè ń pàdé wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ń rí i. Òfin ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn: láti 1991 ni ilé iṣẹ́ ológun wọn ti ní kí oníròyìn má ya àwòrán pósí tó bá balẹ̀ ní Dover, ibùdó ọkọ̀ òfurufú ológun tí wọ́n ń gbé òkú ọmọ ogun bọ̀ sí, 2009 ni wọ́n tó ní kí ẹbí máa pinnu. Nítorí náà, ní 2006, ẹni tó bá fẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé òkú ń dé, etí ló kù tó lè gbà. Tommy Bray ń fọn, gìtá ń bú, pósí ń kọjá.

Nígbà tí Let's Impeach the President, orin tó ní kí wọ́n yọ ààrẹ nípò, bá máa bẹ̀rẹ̀, Taps yẹn gan-an ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Òkú ló ṣáájú ẹ̀sùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń ka ẹ̀sùn ọ̀hún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti ilé ẹjọ́: irọ́ tó gbé orílẹ̀-èdè wọ ogun, fífetí sí fóònù aráàlú, ìyà tó jẹ ìlú New Orleans nígbà tí omi bò ó. Ní àárín orin, gìtá fàyè sílẹ̀, ohùn Bush fúnra rẹ̀ wọlé láti inú àwọn ọ̀rọ̀ tó ti sọ síta. Ó sọ ohun kan, ègbè pariwo "flip". Ó sọ òmíràn tó tako ti ìṣáájú, ègbè pariwo "flop". Ẹni tí kò bá rántí ìbò 2004 lè rò pé eré ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ Bush fi na John Kerry, tó bá a du ipò ààrẹ, títí ó fi pàdánù ìbò: wọ́n ní ẹnu rẹ̀ kì í dúró síbì kan. Young kó o padà fún ẹni tó ni ín, ó sì fi í sẹ́nu ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Bí òun nìkan bá sọ "flip", èébú lásán ni.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ègbè bá a gbé. Toronto ni wọ́n ti bí Young, ní oṣù Kọkànlá 1945. Láti 1966 ló ti ń gbé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ní 2006, ọmọ Kánádà ni lójú òfin, kò lè dìbò. Àwọn tó bínú sí i rí i gbá mú: kí ló kan àlejò? Àmọ́ àwọn tó ń kọrin náà lẹ́yìn rẹ̀, akọrin ìlú Los Angeles ni wọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Young kò sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo lu àyà níbẹ̀. Wo bó ṣe parí àwo náà: gìtá dákẹ́, ìlù dákẹ́, ó ku ègbè nìkan, wọ́n ń kọ America the Beautiful láìsí ohun èlò kankan. Orin kẹwàá yìí kò lè sí nínú ti àìsí ègbè, torí bí o bá yọ ègbè, kò ku nǹkan kan.

Kò tún jẹ́ òótọ́ pé ọ̀tá ìjọba kan ni Young láti ilẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ó sọ̀rọ̀ síta tó fi gbè Ààrẹ Reagan. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án 2001, ó kọ orin yìn àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú Flight 93 tó dojú kọ àwọn ajínigbé. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ̀ pé ìjákulẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú Living with War.

Níbo ló ti kùnà? Lójú tèmi, Lookin' for a Leader ni. Ó ń wá aṣáájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ: ó ní bóyá Obama ni, ṣùgbọ́n ó rò pé òun kéré, bóyá Colin Powell, tó ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè lábẹ́ Bush, ni. Orúkọ máa ń mú orin gbó kíá. Òótọ́ ni pé Obama wọlé ní 2008, àwọn kan sì ń pè é ní àsọtẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tún orin náà ṣe. Ègbè kò rí nǹkan kan gbè níbẹ̀. Ènìyàn 100 kò lè jọ máa sọ "bóyá".

Barbra Streisand, olórin Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn nígbà tó ṣe àwo Walls ní 2018, òun náà ti pé ẹni 76 ọdún. Ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ló jáde, ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú ìbò àárín sáà ní Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé Trump ló ń bá wí, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Òwe ló fi pa. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn, orin náà á sì tọ́jọ́. Fẹlá ní tirẹ̀ dárúkọ Ọbásanjọ́, ó dárúkọ Abíọ́lá, kò sì sí ẹni tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ìyàtọ̀ Fẹlá sí Lookin' for a Leader ni pé ẹni tó ṣe nǹkan ni Fẹlá ń dárúkọ. Ẹni tó lè ṣe nǹkan lọ́la ni Young dárúkọ.

Bí wọ́n ṣe gbé e síta náà yára bákan náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, wọ́n gbé gbogbo àwo náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, o lè rà á sórí kọ̀ǹpútà. Sídì dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2006, kò tíì wọ́pọ̀ kí olórin ńlá fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tó tà á.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ó kó orin ọ̀hún lọ sórí ìtàgé pẹ̀lú David Crosby, Stephen Stills àti Graham Nash, ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ kọ orin Kent State ní 1970. Kò lè kó ènìyàn 100 káàkiri, nítorí náà wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Let's Impeach the President sójú àwòrán ńlá, kí àwọn tó wá wòran máa kọ ọ́. Ní Atlanta, àwọn kan hó lé wọn lórí, wọ́n dìde, wọ́n sì bá tiwọn lọ pẹ̀lú ìbínú. Ó wà nínú fíìmù tí Young ṣe lórí ìrìn àjò náà, tó jáde ní 2008. Ègbè tí wọn kò bẹ̀ ṣáájú kò lè rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀ láti kọrin.

Ní oṣù Kìíní 2020, Young di ọmọ Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin. Lọ́dún yẹn kan náà, ó tún Lookin' for a Leader kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun, ní ilé rẹ̀, nígbà tí àrùn kòrónà ti sé gbogbo èèyàn mọ́lé. Gìtá onígi kan, hàmóníkà kan, òun nìkan.